Ọ̀gá Dígí àti Ọkọ̀ Dúdú Kọmíṣọ́nnà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó dáadáa, torí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ̀gbọ̀kú nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ òun. Ọ̀gá àgbà ni ní ọ́fíìsì ìwé-ọkọ̀, ibi tí àwọn ará ìlú ti ń gba ìwé tí wọ́n fi ń wa mọ́tò. Orúkọ tí ìjọba kọ sínú fáìlì rẹ̀ gùn, oyè mẹ́rin ló sì ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ti gé gbogbo rẹ̀ kúrú. Ọ̀gá Dígí ni wọ́n ń pè é bí kò bá sí nítòsí.

Ọkọ̀ rẹ̀ ló fa orúkọ náà. Ọkọ̀ dúdú ni. Ẹ̀yin ará, dúdú ju dúdú lọ. Dúdú ọkọ̀ yìí jìn bíi kànga, ó sì ń dán débi pé ìkùukùu máa ń rìn kọjá lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run méjì ló wà. Láràárọ̀ tí ọ̀gá bá sọ̀ kalẹ̀, kì í tètè wọlé. Yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn ọkọ̀, yóò tún táì rẹ̀ ṣe, yóò ṣí eyín wò, yóò fi ìka méjì tẹ irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò wá rọra mi orí sí ara rẹ̀ bí ẹni tó pàdé èèyàn ńlá lọ́nà. Ogójì èèyàn tó ti tò síwájú ọ́fíìsì láti aago méje yóò máa wò ó. Ẹni tó fẹ́ gbàwé kì í bá ẹni tó ni òǹtẹ̀ jà.

Òfin tó ṣe nítorí ọkọ̀ yìí pọ̀ ju èyí tó ṣe nítorí ìlú lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ dání gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ sín gbọ́dọ̀ kọjú sí ògiri. Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, ẹyẹ kan fò kọjá, ó sì ṣe ohun tí ẹyẹ máa ń ṣe sórí òrùlé ọkọ̀ náà. Ọ̀gá Dígí pe ìpàdé pàjáwìrì.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ abẹ́ àṣẹ mi," ló wí, ó na ìka sókè, "ọ̀tá ti wọlé tọ̀ wá. Kò gba ẹnu géètì, kò fọwọ́ sí ìwé àlejò, òkè ló gbà. Ó wo òrùlé ọ́fíìsì yìí, ó fi í sílẹ̀. Ó wo kòtò tó wà lẹ́yìn ilé, ó fi í sílẹ̀. Ó wo gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ó fi yín sílẹ̀. Ọkọ̀ mi ló yàn! Ṣé ẹ rò pé ẹyẹ lásán nìyẹn?"

"Kì í ṣe ẹyẹ lásán, sà!" Igbákejì rẹ̀ ló dáhùn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá tó parí àwàdà, ó sì máa ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni" kí ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Níbo ni ẹyẹ ń bà sí?"

"Lórí igi, sà!"

"Igi mélòó ló wà nínú ọgbà wa?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo, sà! Ẹ jẹ́ ká gé e, sà!"

Wọ́n gé e. Igi ńlá náà ló ń ṣíji bo àwọn tó ń dúró gbàwé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ́fíìsì. Ìyá àgbà kan bi aṣọ́géètì pé, "Ọmọ mi, ibo la ó wá máa dúró sí?" Aṣọ́géètì ronú títí, ó ní, "Màmá, ẹ wá ẹni gíga, kẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni oòrùn ti ń jẹ gbogbo wọn lórí, tí ọkọ̀ dúdú sì ń dán.

Wàyí o, ta ló ń mú un dán? Bí ẹ bá bi Ọ̀gá Dígí, yóò na ọwọ́ méjèèjì síwájú yín bí ẹni fẹ́ gba ẹ̀bùn. "Àwọn nìyí," ni yóò wí. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ń sọ fún yín pé láti ọjọ́ tó ti gbéyàwó, ọwọ́ wọ̀nyẹn kò tíì fún omi kúrò lára àkísà rí.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe é. Màmá náà ti fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ àwọn káfíńtà. Àwọn ọkùnrin á gé pákó, wọn á kàn án, òun ló ń kun ún títí yóò fi máa dán. Ó kun tábìlì, ó kun kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù ni pósí. Pósí dúdú. Gbogbo olówó ìlú tó bá kú, inú iṣẹ́ ọwọ́ màmá ló ń sùn sí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó wá ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Ìyá Ìbejì, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde, ó bá ọkọ ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń fi àkísà gbígbẹ nu eruku kúrò lára ọkọ̀. Màmá di orí mú.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ fi pósí yẹn sílẹ̀!"

"Ẹ ní kí ni, Màámi?"

"Ẹ má bínú, ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ wá wò ó. Ṣé ẹ rí ìlà wínníwínní tó dà bí òwú aláǹtakùn yìí? Iyanrìn inú àkísà ló ń fà á. Ọkọ̀ funfun á máa bo àṣírí èèyàn. Èyí tó bá dúdú ò mọ irọ́ pa."

Láti ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, màmá á ti wà lábẹ́ òrùlé tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, nígbà tí ara irin ṣì tutù. Yóò kọ́kọ́ da omi lé e kí iyanrìn lè ṣàn lọ. Garawa méjì ló ń lò, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tó fi ń ṣan aṣọ, kí ìdọ̀tí má baà padà sára ọkọ̀. Òkè ló ti ń fọ̀ ọ́ wálẹ̀. Kì í fi táwẹ̀lì nù ún, ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ lé omi títí yóò fi mu ún. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìda tó kéré bí àtíkè lójú pa á, apá kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, yóò dúró kó ṣú díẹ̀, yóò wá fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ti rọ̀ yọ ọ́ kúrò. Bí aṣọ bá já bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í tún fi kan ọkọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá Dígí á sì wà lójú fèrèsé pẹ̀lú tíì lọ́wọ́, á máa wò ó, á máa mi orí bí ẹni tó ń darí iṣẹ́.

Dídán yẹn dùn mọ́ ọn. Pósí ni kò dùn mọ́ ọn. Àyà rẹ̀ ń já pé bí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé ọwọ́ tó kun pósí òkú ọlọ́lá ló ń kun ọkọ̀ òun, wọn á máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ṣe di pé ó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun fúnra òun ló ń kun ún nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Kọmíṣọ́nnà tó ń ṣètò ìrìnnà wá bẹ ọ́fíìsì wò. Obìnrin kúkúrú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ púpọ̀. Ọ̀gá Dígí ti kọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ sílẹ̀ ní ojú ìwé mọ́kànlá. Ó dé ojú ìwé kejì ló gbójú sókè tí kò rí àlejò rẹ̀ mọ́. Kọmíṣọ́nnà ti dúró ti ọkọ̀ dúdú.

"Ta ló ń bá yín tọ́jú eléyìí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ṣé ìbéèrè yẹn le? "Ìyá ìyàwó mi ni." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ká ní ó sọ ọ́, ìtàn mi ì bá parí síbí, ẹ ì bá máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Kọmíṣọ́nnà wa ọ̀wọ́n, ọwọ́ tẹ́ ẹ ń wò yìí ni. Àwọn kan máa ń bi mí pé, 'Ọ̀gá, pólíìṣì wo lẹ ń lò?' Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Pólíìṣì ò sí nínú agolo, inú ọkàn ló wà! Bí ọkàn olórí bá dán, ọkọ̀ rẹ̀ á dán. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá dán, ọ́fíìsì rẹ̀ á dán. Bí ọ́fíìsì rẹ̀ bá dán, ìlú á máa kọ mọ̀nà!"

Igbákejì pàtẹ́wọ́ débi pé aago ọwọ́ rẹ̀ já bọ́.

"Ó dáa," ni Kọmíṣọ́nnà wí. "Dúdú ni tèmi náà, àwọn awakọ̀ sì ti ń fi àkísà bà á jẹ́. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé e wá. Màá kó gbogbo awakọ̀ ìjọba wá pẹ̀lú. Ẹ bá mi kun ún níwájú wọn, kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́."

Ọ̀gá Dígí sáré dá sí i. "Mọ̀dáámù, kí wọ́n kúkú gbé e wá sílé mi. Atẹ́gùn ilé mi bá pólíìṣì lára mu gan-an ni."

"Rárá. Níbí. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ yín." Ó ti fẹ́ wọ ọkọ̀ kó tó yíjú padà. "Ipò olùdarí fún gbogbo ẹkùn yìí ṣófo. Ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ni mò ń wá."

Ẹ ò rí i bí ipò ṣe ń ṣe èèyàn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rù ti kúrò lára Ọ̀gá Dígí, àlá ló kù. Ó ti ń fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú oyè karùn-ún.

Nígbà tó di Sátidé, igbákejì kó àwọn olórí ẹ̀ka mẹ́ta lẹ́yìn, wọ́n wá kí i kú oríire sílé. Ìyá Ìbejì ti lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀kọ́ àfikún. Màmá wà lábẹ́ òrùlé ọkọ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, pólíìṣì ti dé ìgúnpá rẹ̀, ó ń bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lò. Àwọn àlejò dúró sójú kan.

"Ọ̀gá wa," ni igbákejì wí, "ta ni màmá yẹn?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ìyẹn?" Ọ̀gá Dígí ju ọwọ́ nù. "Ìránṣẹ́ ilé ni. Mò ń kọ́ ọ níṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Màmá, ẹ ti ṣe tó, ẹ gba ẹ̀yìn wọlé!"

Màmá gbójú sókè wò ó. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n lójú ọ̀gá, ó gùn ju ojú ìwé mọ́kànlá lọ. Ó parí ìwọ̀nba ibi tó kù lára ilẹ̀kùn náà, torí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín. Ó ká síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí mẹ́rin. Ó kí àwọn àlejò pé ẹ káàbọ̀ o. Ó sì gba ẹ̀yìn wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti di báàgì rẹ̀. Ó di agolo ìda rẹ̀ àti àwọn aṣọ rírọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní apá kejì ìlú.

"Ṣé ẹ ṣe nǹkan fún màámi ni?" Ìyá Ìbejì bi ọkọ rẹ̀.

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ ṣe fún wọn?" Nǹkan kan gún un nínú bí òkúta wẹ́wẹ́ inú bàtà. Ó ta ẹsẹ̀ nù, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ara Ìyá Ìbejì ò lélẹ̀ mọ́. "Bàbá Ìbejì, ọ̀la mà ni. Ẹ lọ bẹ màámi kí wọ́n wá fi iṣẹ́ yẹn hàn yín."

"Kí ló wà nínú pólíìṣì? Ọdún méjì gbáko ni mo fi wò wọ́n láti ojú fèrèsé."

"Wíwò kọ́ ni ṣíṣe. Ogún ọdún lẹ ti fi ń wò mí tí mò ń yanjú ìṣirò, ìlọ́po méje ò sì tíì yé yín di báyìí."

Ó bínú lọ sùn.

Ọjọ́bọ̀ pé. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣíde Ọ̀gá Dígí ti di ojú ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì kà á tán títí oòrùn fi mú. Ó wọ kóòtù funfun gígùn kan bíi ti dókítà. Wọ́n fi òwú wúrà kọ BÀBÁ DÍDÁN sí i lẹ́yìn. Awakọ̀ ogójì ló yí i ká. Àwọn tó wá gbàwé náà fi ìlà wọn sílẹ̀, wọ́n wá ń wòran. Kọmíṣọ́nnà jókòó sórí àga kan lẹ́bàá ògiri. Láàárín gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ dúdú Kọmíṣọ́nnà wà nínú oòrùn, ó ń gbóná, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tó ohun tí èèyàn lè fi lọ aṣọ.

Àgbà awakọ̀ kan gbé ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, ṣé ká tì í sí abẹ́ ìbòji?"

Gbogbo wọn yíjú wá ìbòji. Kùkùté igi ni wọ́n rí.

"Ẹni tí kò mọṣẹ́ ló ń sá fún oòrùn," ni Ọ̀gá Dígí wí. "Oòrùn lọ̀rẹ́ pólíìṣì!"

"Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, sà!" ni igbákejì wí.

Ọ̀gá mú àkísà gbígbẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu eruku. Kò da omi sí i rárá. Ìró tó ń jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ gààrí gbígbẹ. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rún ojú. Lẹ́yìn náà ló ṣí agolo ìda, ó fi gbogbo ìka bù ú, ó ń fi í ra ọkọ̀ láti iwájú dé búùtù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Ó wá yíjú sí àwùjọ.

"Ẹ jẹ́ kó mu ún. Ní báyìí, màá sọ ìtàn ìgbésí ayé mi fún yín ní ṣókí."

Ṣókí yẹn gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tó fi yíjú padà, ìda ti gbẹ lára irin gbígbóná. Ọkọ̀ dúdú ti di funfun, ó le koránkorán. Ó nù ún, kò yọ. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kò yọ. Àkísà já bọ́ sínú iyanrìn, ó ṣà á, ó ń fi í nù ún lọ. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò ríran mọ́, kò sì lè dúró, torí ipò olùdarí jókòó lẹ́bàá ògiri níbẹ̀ tó ń wò ó.

Igbákejì rí i pé ọ̀gá òun wà nínú ìṣòro. Ó sáré lọ sí ibi tí wọ́n ti ń se tíì nínú ọ́fíìsì, ó sáré padà. "Ọ̀gá, ẹ gbà, èyí á yọ ọ́!"

Ọ̀gá Dígí gbà á láìwò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá nífẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ di etí díẹ̀. Kànìnkànìn onírin tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò ni.

Ṣáá. Ṣáá. Ṣáá.

Àgbà awakọ̀ yẹn di ojú. Ẹnìkan nínú àwọn tó wá gbàwé ní, "Yéè!" bí ẹni pé ara òun ni wọ́n ń ha. Ìda ń yọ lóòótọ́. Ọ̀dà náà ń bá a yọ. Ọ̀gá ti ha ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó fi apá kóòtù nu òógùn kúrò lójú. Ó wá bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, láti wo ara rẹ̀. Etí kan ló rí níbí. Ihò imú kan wà lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ̀rún ìlà ló wà láàárín wọn. Ibi tó yẹ kí eyín wà, irin ló wà.

Kọmíṣọ́nnà dìde, ó wá wò ó. "Ṣé ó ti parí?"

"Ó ku díẹ̀, Mọ̀dáámù. Èyí la ń pè ní ìpele ìdààmú. Ohun tó bá máa dán, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dààmú."

"Mo bẹ̀ yín, ta ló ń kun ọkọ̀ yín?"

Kí ọ̀gá tó dáhùn, igbákejì ti bọ́ síwájú. Ọkùnrin yẹn ti gbóòórùn ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. "Mọ̀dáámù, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura. Ìránṣẹ́ ilé wọn ló ń ṣe é. Mo fojú mi rí i ní Sátidé."

"Ẹ pe ilé," ni Kọmíṣọ́nnà wí fún ọ̀gá. "Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́."

Ọ̀gá pe ìyàwó rẹ̀, ó sì ṣe fóònù kó máa sọ̀rọ̀ sókè. "Ìyá Ìbejì... ẹ̀n-ẹ́n... ìránṣẹ́ yẹn, èyí tó ń kun ọkọ̀..."

"Ìránṣẹ́ wo?" Ohùn olùkọ́ ìṣirò ni, ó dé ẹnu géètì. "A ò ní ìránṣẹ́ kankan nílé wa."

"Àní màmá yẹn. Màmá... tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀."

Àwọn awakọ̀ na ọrùn sí fóònù náà.

"Màámi? Ṣé ìyá tó bí mi lẹ̀ ń pè ní ìránṣẹ́? Ìyá mi tó ń jí ní ìdájí kun ọkọ̀ yín, bó ṣe fi ogójì ọdún kun pósí fún àwọn tó jù yín lọ? Áà! Ohun tó lé wọn kúrò nílé nìyẹn! Ẹ dúró dè mí, Bàbá Ìbejì. Mò ń bọ̀ wá kọ́ yín ní ìṣirò!"

Ó gé e.

Ẹ̀rín tó sọ nínú ọgbà yẹn, àwọn tó ń kọjá ní títì rò pé wọ́n ń pín nǹkan ọ̀fẹ́ ni. "Pósí!" ni àwọn awakọ̀ ń wí, wọ́n ń di ara wọn mú. "Ọ̀gá ń gbé pósí wá síbi iṣẹ́!" Àwọn tó wá gbàwé rẹ́rìn-ín títí wọn ò fi mọ ẹni tó wà níwájú ẹni lórí ìlà mọ́. Kọmíṣọ́nnà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ibo ni màmá wà báyìí?" ló bi í.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ló gbé ọkọ̀ náà lọ bá a. Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń yẹ iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe wò. "Kí ló bá nǹkan yìí jà?"

"Ọkọ ọmọ yín ni."

"Ó mà ṣe o." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ti ọkọ̀ náà sí abẹ́ ilé, kó tutù. Ibi tí ọ̀dà ti lọ tán, ó fi ọ̀dà tuntun dí i, ìpele tín-ín-rín lórí ìpele tín-ín-rín. Èyí tó jẹ́ ìlà lásán, ó fi sùúrù pa á rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà á. Kọmíṣọ́nnà wá wò ó ní ọjọ́ kejì, ó jókòó sórí àpótí, ó gbàgbé ìpàdé méjì.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, lẹ́tà méjì dé ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí igbákejì lọ máa dáhùn àwọn èèyàn lójú fèrèsé níbi tí wọ́n ti ń gbàwé, kó sì gbin igi méjì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Dígí kì í ṣe ọ̀gá mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí àgbàlá tí wọ́n ń kó ọkọ̀ ìjọba sí, kó máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé àti bí wọ́n ṣe ń jáde. Lẹ́tà rẹ̀ ò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹfà bóyá yóò gùn sí i.

Ohun tó dùn ún jù nínú ọ̀ràn náà kọ́ nìyẹn. Láti Ọjọ́bọ̀, ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ àyàfi kó bi í ní ìlọ́po méje nígbàkígbà tó bá ti fẹ́ jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé náà, Ọ̀gá Dígí fẹsẹ̀ rìn lọ sí apá kejì ìlú. Ó bá màmá níwájú ilé tó ń sá aṣọ rírọ̀ rẹ̀ sórí okùn. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì.

"Màámi wa àtàtà, ní àkókò mánigbàgbé bí irú èyí, mo fẹ́ lo àǹfààní yìí láti—"

"Sọ ọ́ ní kúkúrú."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo ṣẹ̀ yín. Mo tijú yín, bẹ́ẹ̀ ara mi ló yẹ kí n tijú."

Màmá fi pẹ́ẹ̀gì mú síńgílẹ́ẹ̀tì kan dáadáa kó tó wò ó. "O pè mí ní ìránṣẹ́. Kò burú. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni n ó jẹ́ fún ọ báyìí. Kọmíṣọ́nnà ní kí n máa wá kọ́ àwọn tó wà ní àgbàlá ọkọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo sì gbọ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé ọ lọ. Dìde, símẹ́ǹtì yẹn tutù."

Ẹ kíyè sí i o, "o" ló ń pè é. Láti ọdún tó ti gbé ọmọ rẹ̀ níyàwó, "ẹ" ni màmá ń pè é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọkùnrin tó máa ń lé èèyàn jáde ní ọ́fíìsì nítorí pé wọ́n gbàgbé oyè kẹta rẹ̀ gbọ́ "o", ojú rẹ̀ sì kún fún omi bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà padà sílé.

Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ní ìdájí, wọ́n wà lábẹ́ òrùlé páànù ní àgbàlá náà, awakọ̀ méjìlá, màmá, àti òun. Ọkọ̀ dúdú àtijọ́ kan wà níwájú rẹ̀, ó ti ṣú bí ìdí ìkòkò. Kò kúkú lè ṣe kó má gbìyànjú. Ó yíjú sí àwọn awakọ̀, ó na ìka sókè. "Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí ni dídán? Dídán ni—"

"Aṣọ rẹ ti gbẹ," ni màmá wí.

Ó ti aṣọ náà bọ omi. Ó da omi lé ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, iyanrìn ṣàn lọ. Ó fọ̀ ọ́ láti òkè wálẹ̀. Ó tẹ táwẹ̀lì lé e, ó mu omi rẹ̀ tán. Ó fi ìda tó kéré bí àtíkè pa á, ó dúró kó ṣú, ó sì yọ ọ́ ní ìlà gbọọrọ, apá kékeré kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá òmíràn. Ẹ̀yìn dùn ún, èékánná rẹ̀ di dúdú, oòrùn sì ti ń yọ lẹ́yìn ògiri kó tó fà sẹ́yìn.

Màmá wá. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn náà, ó wò ó ní ẹ̀gbẹ́, ó wò ó láti ìsàlẹ̀, ó fi ìka kan fà á láti òkè dé ilẹ̀.

"Ó ku ilẹ̀kùn mẹ́ta," ni màmá wí.

Ọkùnrin náà gbé garawa rẹ̀ méjèèjì, ó sì yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.